Jẹnẹrétọ̀ abẹ́ tápólì

Títí di ọdún tó kọjá, bí ẹ bá wọ ọgbà iléeṣẹ́ kan tí mò ń bá ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ olùdarí níbí ní Ìlọrin, ẹ ó rí ẹrù ńlá kan lápá òsì, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń to àpò àgbàdo sí, tí wọ́n fi tápólì aláwọ̀ búlúù bò mọ́lẹ̀. Adìyẹ mègáàdì ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tírélà ń fara tì í sá fún oòrùn. Jẹnẹrétọ̀ ni. Mílíọ̀nù 11 náírà la rà á, ọwọ́ mi yìí náà ni mo sì fi kọ ọ́ sínú mínítì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpàdé, pé gbogbo ilé fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ò ta kò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wàrà, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ mi àti ẹjọ́ ilẹ̀ ilé wa ní Ọ̀fà ni mo sábà máa ń kọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni ti òní. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó sí igun tábìlì àwọn olùdarí tí mò ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Mo ti ṣe é fún ilé ìfowópamọ́ kékeré kan, mo ti ṣe é fún ilé ìwé aládàáni kan, mo ṣì ń ṣe é fún iléeṣẹ́ yìí tó ń lọ àgbàdo, tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ. Ìyá Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Akọ̀wé kì í dìbò, kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá bi í, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń rí ìpàdé bó ṣe ń rí i. Mo mọ ẹni tó ń tòògbé. Mo mọ ẹni tó ń ka WhatsApp lábẹ́ tábìlì. Mo mọ ẹni tí kò ṣí ìwé tí a fún un rí, torí èmi ni mò ń kó wọn jọ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán, bí mo ṣe to ìwé náà ni màá ṣe bá a, àmì ìka kan ò ní sí lára rẹ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni a ra jẹnẹrétọ̀ yẹn, Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì. Aago mẹ́wàá la fi ìpàdé sí, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú la tó ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́sàn-án ló jókòó. Ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀, ojú ewé 13, orí tábìlì ni kálukú ti bá tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi àti bisikíìtì. MD, ìyẹn ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́, dìde, ó ní iná ìjọba ò ṣe é gbọ́kàn lé mọ́, ó ní tòkunbọ̀ 250 kVA kan wà nílẹ̀ tó dáa bíi tuntun, ó ní bí a ò bá tètè sanwó, ẹlòmíì á gbé e lọ. Kò tíì jókòó tán tí Bàbá Alága fi ní, "Lójú tèmi, ó dáa. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ta ló kù tó máa sọ̀rọ̀? Bàbá Alága, Alájì wa, ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òun ló dá iléeṣẹ́ sílẹ̀. Òun ló san owó ilé ìwé méjì nínú àwọn tó jókòó yẹn, òun ló sì dúró bíi baba níbi yìgì ọmọ ẹnìkẹta. "Ó dáa, sà." "Bẹ́ẹ̀ náà ni, sà." Mo wo aago: ìṣẹ́jú mẹ́fà péré.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ àgbò Iléyá. Ẹ wá wo ìpàdé! Ṣé àgbò olùdarí yẹ kó tóbi ju ti àwọn oníbàárà lọ? Ṣé oníwo ńlá ni ká rà, àbí ká ra kékeré kó lè kárí? Àwọn olùdarí tó jẹ́ Kristẹni ńkọ́, ṣé kí wọ́n gba tiwọn báyìí, àbí kó di Kérésì? Ẹni tó ti ń sùn jí. Ogójì ìṣẹ́jú ó lé mẹ́ta la lò lórí àgbò, mínítì rẹ̀ sì kún ojú ewé kan àtààbọ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn yẹn ò gbọ́n. Gbogbo wọn ló ti ra àgbò rí, kálukú ló sì ní nǹkan sọ nípa àgbò. Ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn ló mọ jẹnẹrétọ̀ ńlá dáadáa, òun náà ló sì kéré jù níbẹ̀, ẹnjiníà kan tí kò tíì pé ogójì ọdún. Bí mo ṣe ń wọ mọ́tò mi ló sáré bá mi. "Mọ̀mí, iye wákàtí tí ẹ̀rọ yẹn ti ṣiṣẹ́ kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa o." Mo ní, "Ẹnjiníà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ níbẹ̀?" Ó wo ilẹ̀. "Bàbá ti sọ̀rọ̀, mà. Ta ni mo jẹ́?"

Wọ́n máa ń kì wá pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Lọ́jọ́ yẹn mo rí i pé nínú yàrá àwọn olùdarí, àwọn èèyàn ti fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ìjàkadì tó bẹ̀rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹkáníìkì kẹta ló ní ká má fi owó wa ṣòfò mọ́. Ìgbà yẹn náà ló tó hàn síta pé MD àti ẹlòmíì ló jọ ni ṣọ́ọ̀bù tó ta á fún wa, wọ́n jọ pa owó pọ̀. Méjì nínú àwọn olùdarí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ń jíròrò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n, wọ́n ní àwọn rò pé Bàbá mọ̀. Bàbá ò mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó kàn ń ká etí agbádá rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Ẹ má rò pé àwa iléeṣẹ́ kékeré nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń ṣe. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, ilé ìfowópamọ́ kékeré yẹn ni mo wà nígbà tí ìròyìn dé pé CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Afribank, FinBank, Intercontinental, Oceanic àti Union Bank. CBN sì fi bílíọ̀nù 420 náírà gbé àwọn báńkì náà dúró kí owó àwọn èèyàn má bàa bá a lọ. Gbogbo wa sáré síbi tẹlifíṣọ̀n. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi ni pé, akọ̀wé wọn dà? Torí kò sí ọ̀kan nínú báńkì márààrún tí kò ní ìgbìmọ̀ olùdarí. Wọ́n ní alága, wọ́n ní ìgbìmọ̀ kéékèèké, wọ́n ń ṣèpàdé, ẹnìkan sì ń kọ mínítì. Owó ńlá ń jáde bí ẹní yawó láìsí ohun ìdúró, ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé sì ń pọ̀ sí i nínú fáìlì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, CBN ní kò sí ọ̀gá àgbà báńkì tó gbọ́dọ̀ lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lórí àga.

Láti ìgbà náà òfin ti le sí i. Òfin iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ní alága iléeṣẹ́ tí gbogbo ayé lè ra ìpín nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà. Bó ṣe wà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, ó ní ó kéré tán, olùdarí mẹ́ta tí kò ní ohunkóhun pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ olùdarí ní irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ju márùn-ún lọ. Ti pé kí olùdarí tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú òwò kan tí iléeṣẹ́ fẹ́ ṣe kéde rẹ̀ fún àwọn yòókù, ìyẹn ti wà nínú òfin àtijọ́ pàápàá. Nítorí náà, nígbà tí MD wa dákẹ́ ní ọdún 2017, òfin ti ń wò ó. Ẹni tó máa ka òfin náà sí i létí ni kò sí. Ó yẹ kó jẹ́ èmi. Èmi náà ò mọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù yẹn nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò bèèrè, mi ò sì rò ó pé iṣẹ́ mi ni láti bèèrè. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Obìnrin kan ló jí wa. Ọdún 2019 ló wọlé, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ kú. Ọmọ Òmù-Àrán ni, ó ti ṣe akápò ilé ìwé títí tó fi fẹ̀yìntì, kò sì ga tó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa lórí àwọn àga ńlá wa. Ìpàdé àkọ́kọ́ tó wá, ó bá ìwé rẹ̀ lórí tábìlì bí a ṣe máa ń ṣe. Alága ní ká bẹ̀rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè.

"Alájì, ẹ má bínú. Ìgbà wo ni wọ́n fún yín ní tiyín?"

"Èwo?"

"Ìwé yìí. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí tèmi ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ti kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n lè bá yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀ jáde, ó fi etí ìborùn nù ún, ó yọ báírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó lè ní kó má kà á. Fáànù ń dún. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn pọ̀ débi pé nígbà tó di bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹnìkan ṣí ìwé tirẹ̀. Ẹlòmíì ṣí tirẹ̀. Bó ṣe di pé olùdarí mẹ́sàn-án jókòó bí ọmọ ilé ìwé tó ń ṣe ìdánwò nìyẹn, Bàbá Alága náà wà níbẹ̀ tó ń ṣí ewé. Nígbà tó kà á tán, ìbéèrè kan ló bi: "Ní ojú ewé kẹsàn-án, wọ́n kọ ọ́ pé a ní jẹnẹrétọ̀ mílíọ̀nù 11. Ní ojú ewé kọkànlá, wọ́n kọ owó jẹnẹrétọ̀ tí a yá lò. Èwo ni a ń lò?"

Bí ìdí tápólì ṣe tú nìyẹn.

Àwọn ohun tí a yí padà lẹ́yìn ìgbà náà kò le rárá. Ọjọ́ méje ṣáájú ìpàdé ni mò ń fi ìwé ránṣẹ́ báyìí, ìwé tí kò bá sì tíì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìpàdé tó ń bọ̀, ìbáà jẹ́ ti MD. Oúnjẹ ti kúrò láàárín ìpàdé, ó di ẹ̀yìn ìpàdé. Ẹ ò mọ bí òórùn àmàlà tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná ṣe máa ń sáré parí àjẹ́ńdà. Kí a tó ṣe ohunkóhun, mo máa ń ka àwọn ohun tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀ àti orúkọ ẹni tí a gbé e lé lọ́wọ́. Ibẹ̀ gbóná díẹ̀ o. Àgbàlagbà ò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun lẹ́ẹ̀mejì lórí ohun kan náà, nítorí náà wọ́n ń ṣe é. Mo tún máa ń bèèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù bóyá ọwọ́ rẹ̀, tàbí ti ará ilé rẹ̀, wà nínú ohunkóhun tó wà lórí àjẹ́ńdà. Níparí gbogbo ìpàdé, MD á bọ́ síta fún bí ogún ìṣẹ́jú kí àwọn yòókù lè sọ̀rọ̀ láìsí i níbẹ̀. MD tuntun ni. Ti àtijọ́ ti lọ, n kò ní sọ bó ṣe lọ.

Ohun tó ṣòro ni ti Bàbá Alága. Ìyá Òmù-Àrán ló dábàá pé kí alága máa sọ tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó gbà, ó ní kò sí ìṣòro níbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dán an wò, ọ̀rọ̀ àpò tuntun fún oúnjẹ adìyẹ ló wà nílẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́." Kò sẹ́ni tó fọhùn. Wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bóyá wọ́n á rí ibi tó fì sí. Ó wú ikọ́. Ó ṣí ẹnu, ó pa á dé. Ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde, ó ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo aago mi, ó tó ìṣẹ́jú kan dáadáa, ẹ sì mọ bí ìṣẹ́jú kan ṣe gùn tó láàárín àwọn àgbàlagbà tó dákẹ́. Ẹnjiníà ló wá fọhùn. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní àpò yẹn ò nípọn tó, tí òjò bá pa á nínú ọkọ̀, oúnjẹ inú rẹ̀ á bu. Bàbá yíjú sí i, ó ní, "Ó ṣeun. Ta ló tún ní nǹkan sọ?" Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ráyè gbé báírò sílẹ̀ nínú ìpàdé wa.

Àjọ FRC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìròyìn ìnáwó àwọn iléeṣẹ́, ní ìwé ìlànà ìṣàkóso iléeṣẹ́ kan tí wọ́n fi ọdún 2018 pè, ìlànà 28 ló wà nínú rẹ̀. Iléeṣẹ́ kékeré bíi tiwa kò sí lára àwọn tí ó dìídì ń bá wí, ṣùgbọ́n mo kà á, mo sì yá ohun kan lò níbẹ̀: ó ní kí ìgbìmọ̀ olùdarí máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lọ́dọọdún, ó kéré tán kí ará ìta sì wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta. Owó ará ìta ò sí. Mo tẹ ìbéèrè mẹ́sàn-án sórí ìwé, mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ orúkọ, mo gbé agolo Bournvita tí mo lu ihò sí lórí sí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo tú u, ìwé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: "Bàbá kì í jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá sì ti bínú sí èèyàn, ó di ọdún tó ń bọ̀." Mo rò ó wò bóyá kí n yọ ọ́. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ó wà. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, mo gbé e fún un nínú àpòòwé kí àwọn yòókù tó rí i. Ó kà á lórí ìdúró. Ó ká a, ó tì í bọ àpò, ó wọ mọ́tò, kò kí mi. Ọjọ́ márùn-ún ni kò gbé ìpè mi. Ọkọ mi ti ń sọ pé kí n máa wá iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ kẹfà ló pè mí lẹ́yìn Ìṣáì. "Ìyá Akọ̀wé, ẹ ti bá mi ṣiṣẹ́ pẹ́. Ṣé òótọ́ ni?" Mo ní, "Alájì, òótọ́ ni, sà." Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, "Ìyàwó mi náà sọ bẹ́ẹ̀." Ó sọ ìpè náà kalẹ̀. Níbi ìpàdé, òun fúnra rẹ̀ ló kà á sókè fún gbogbo ilé.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a dán wò ló bọ́ sí i. A dá ìgbìmọ̀ kéékèèké mẹ́rin sílẹ̀ láàárín èèyàn mẹ́sàn-án, àwọn kan náà ló ń pàdé ara wọn lójoojúmọ́ bí ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí. A fi mẹ́ta sílẹ̀, ó ku èyí tó ń yẹ owó àti ọ̀rọ̀ ọ́dítọ̀ wò. A fẹ́ gba olùdarí kan tí kò ní nǹkan kan pọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìlú Ìlọrin yìí! Àwọn mẹ́ta tí a kọ́kọ́ ronú kàn, ọ̀kan jẹ́ àna Bàbá Alága, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ilé ìyá Ẹnjiníà, ẹnìkẹta la tún rí i pé ó jẹ àwọn ará ilé ìdáná wa lówó. A ṣì ń wá a. Ìlànà yẹn ní irú olùdarí bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ju sáà ọdún mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta lọ, kó má baà di ará ilé. Tiwa ti di ará ilé kó tó wọlé. Ẹnìkan sì dábàá pé kí a kó gbogbo olùdarí lọ sí Dubai lọ gba ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo kọ ọ́ sínú mínítì, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n dà á nù.

A ta jẹnẹrétọ̀ náà lọ́dún tó kọjá fún àwọn tó ń ra pàǹtí irin, mílíọ̀nù méjì náírà ó lé díẹ̀. Iye owó ẹni mẹ́ta la gbé yẹ̀ wò, ó gbà wá ní àádọ́ta ìṣẹ́jú, Ẹnjiníà bá Ìyá Òmù-Àrán jiyàn lórí rẹ̀ débi pé wọ́n ní kí wọ́n mu omi. Mègáàdì ní ká jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kó ẹyin òun.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀ ti di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi ìwé ránṣẹ́ lánàá. Lálẹ́ àná, aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, mo ti ń bọ́ gèlè, fóònù mi dún. Bàbá Alága ni.

"Ìyá Akọ̀wé, ẹ wo ojú ewé kẹrìnlá. Àpapọ̀ owó dísẹ̀lì yẹn ò pé. Mo ti ṣírò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Mo wá ìgò ojú mi. Mo gbé tèmi, mo ṣí i, mo ṣírò ó.

"Alájì, ẹ ṣí i sẹ́yìn, sà. Ó kù sí ẹ̀yìn ewé náà."

Mo gbọ́ bí ìwé ṣe ń pariwo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Hẹn-ẹn," ló ní. "Ó pé."